Etí Ìpéǹpéjú Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí ọyẹ́ bá ti dé sí Ilemona, ẹjọ́ ojú a máa pọ̀ káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun. Àgbàlagbà á jí láàárọ̀, ipin á ti gan mọ́ irun ìpéǹpéjú rẹ̀, á ní láti fi omi rin ín kó tó lè lajú. Ìyá tó ń yan gàrí á ní ojú ń ta òun, bẹ́ẹ̀ ni omi ń dà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀fà lójoojúmọ́ á ní ó ń ṣe òun bí ẹni pé iyanrìn wọ ojú òun, òun sì ti fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ṣe ni pé wọ́n á yà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, wọ́n á ra oògùn olómi, wọ́n á máa kán an sínú ojú. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ yín ni pé nínú ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ báyìí, inú ẹyinjú kọ́ ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Etí ìpéǹpéjú ni, níbi tí irun ti ń hù, ibẹ̀ náà ni ìtọ́jú sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ àpólò kúrò lọ́nà, nítorí ojú kì í pọ́n díẹ̀ ládùúgbò wa kí wọ́n má pè é ní àpólò. Àrùn yẹn ṣẹ́ yọ ní orílẹ̀-èdè Gánà lọ́dún 1969, ọdún kan náà tí ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn dé inú òṣùpá, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì, ojú á pọ́n yòò, á máa ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì á sì lọ. Àìsàn etí ìpéǹpéjú kì í ràn bẹ́ẹ̀, kì í sì í lọ bẹ́ẹ̀. Ó lè bá èèyàn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, lónìí á dín, lọ́la á pọ̀, ojú méjèèjì ló sì sábà máa ń mú.

Ẹ dúró síwájú dígí níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, kí ẹ fi ìka tó mọ́ rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìlà tí irun ti hù, ní etí tó fara kan ẹyinjú gan-an, ẹni tó ríran dáadáa lè rí àwọn ojú ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹnu àwọn àpò ọ̀rá ni. Wọ́n tó 25 sí 40 ní ìpéǹpéjú òkè, wọ́n sì tó 20 sí 30 ní ti ìsàlẹ̀. Oníṣègùn ará Jámánì kan, Heinrich Meibom, ló ṣàpèjúwe wọn lọ́dún 1666, orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà ojú ṣì fi ń pè wọ́n títí di òní. Bí a bá ti ń ṣẹ́jú ni wọ́n ń tu ọ̀rá díẹ̀díẹ̀ sórí omi tó bo ẹyinjú.

Omi yẹn kì í ṣe omi lásán. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ohun kan wà tó ń yọ̀, òun ló ń mú kí omi lè lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Omi gan-an ló tẹ̀lé e. Ọ̀rá tí mo ń wí yìí ló wá tẹ́ pẹrẹsẹ lókè pátápátá, kò nípọn rárá, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tètè gbé omi lọ. Níbi tí ọ̀rá kò bá ti tó, omi á ti gbẹ kí a tó ṣẹ́jú mìíràn, awọ ẹyinjú á ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti eruku. Bí ojú ti ń ta ni yóò máa pọ́n, òun ni wọ́n ń pè ní ojú gbígbẹ.

Ẹlòmíràn á wá bi mí pé, ṣé ojú tó ń da omi náà lẹ̀ ń pè ní ojú gbígbẹ? Òun náà ni. Bí ẹyinjú bá gbẹ, iṣan inú rẹ̀ á fi tó ọpọlọ létí, ọpọlọ á ní kí omi tètè wá. Omi á dé lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n ọ̀rá tí yóò dá a dúró kò sí, á ṣàn bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú á sì tún padà gbẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe rí omi lójú ẹnì kan kí ẹ sọ pé ojú tiẹ̀ kò lè gbẹ.

Ọ̀rá inú àpò wọ̀nyí ń ṣe bí òrí ṣe ń ṣe nígbà ọyẹ́: ní ibi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, á yọ́, á ṣàn, bí òtútù bá ti mú un, á dì gbagidi. Nígbà tí etí ìpéǹpéjú bá ṣàìsàn, ọ̀rá náà á ki ju bó ṣe yẹ lọ, á dí ẹnu àpò rẹ̀, àpò tó bá sì dí pẹ́ títí lè rọ kó má ṣiṣẹ́ mọ́. Àìsàn yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní blẹfaráítìsì. Nígbà mìíràn, ẹ̀yìn ìlà irun ló wà, níbi tí àpò ọ̀rá wà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìdí irun gan-an ló wà, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára awọ wa, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus, ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn méjèèjì ló jọ wà.

Ẹ tún wo dígí. Bí ẹ bá rí èépá funfun wínníwínní láàárín irun, tó jọ èépá tó máa ń wà ní awọ orí, ẹ fi sọ́kàn. Bí èépá náà bá ṣe òrùka yí ìdí irun kọ̀ọ̀kan ká, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Demodex. Kò gùn ju ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ, inú ihò tí irun ti hù ló ń gbé, òru ló sì ń jáde. Kì í ṣe àmì pé ẹnì kan dọ̀tí. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga ni ó ń pọ̀ lára èèyàn, ìgbà tó bá pọ̀ ju àṣà ló ń di àìsàn. Ní oṣù keje ọdún 2023 ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn ìkán sójú tí wọ́n ṣe nítorí tiẹ̀ gan-an, orúkọ rẹ̀ ni lotilaner.

Ó wá ku ìtọ́jú. Mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ níbí, torí ibi tí èèyàn ti ń kánjú nìyí. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ooru, ìfọwọ́tẹ̀ àti ìnùmọ́. Oògùn fífín, èyí tí wọ́n ń fín láti fi nu ìdí irun, wà nínú ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá ra oògùn fífín tí kò lo ooru, tí kò sì fọwọ́ tẹ̀, ìdá kan péré nínú iṣẹ́ ló ṣe.

Ẹ se omi kó hó, kí ẹ jẹ́ kó rọ̀ títí ẹ ó fi lè dà á sí inú ọrùn ọwọ́ yín láìkígbe. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ ki aṣọ ìnura kékeré tó mọ́ bọ̀ ọ́, ẹ fún un, ẹ dijú, ẹ gbé e lé ojú méjèèjì. Ooru tí à ń wá kò ju bí ogójì lọ díẹ̀ lórí ìwọ̀n Celsius, torí náà omi gbígbóná janjan kò bá a mu; awọ ìpéǹpéjú ló fẹ́lẹ́ jù lọ ní gbogbo ara, ó tètè ń bó. Ìṣòro aṣọ ni pé láàárín ìṣẹ́jú méjì ó ti tutù. Ẹ tún un kì bọ omi, ẹ tún un gbé, títí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá yóò fi pé. Ìṣẹ́jú kan kò yọ́ ọ̀rá tó ti dì. Ẹni tó bá ṣe é fún ìṣẹ́jú kan tó wá ní kò ṣiṣẹ́, kò tíì ṣe é.

Bí ẹ bá ti gbé aṣọ kúrò, ẹ má jẹ́ kó tutù. Ẹ ṣì dijú. Ẹ fi orí ìka rọra tẹ ìpéǹpéjú òkè láti òkè wá sí ìdí irun, kí ẹ sì tẹ ti ìsàlẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sí ìdí irun. Ibi tí ẹnu àpò wà ni ọ̀rá gbọ́dọ̀ gbà jáde, ìdí nìyẹn tí òkè fi ń wá sílẹ̀ tí ìsàlẹ̀ fi ń lọ sókè. Ìpéǹpéjú ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má ṣe fún ẹyinjú. Ẹni tó bá ní gíláúkómà, àìsàn tó lè fọ́ni lójú, tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí lójú, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó dán an wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oògùn fífín kàn. Èyí tí àwọn dókítà ojú ń sọ jù lọ báyìí ni èyí tí wọ́n fi hypochlorous acid ṣe. Mo nífẹ̀ẹ́ sí i nítorí pé ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe nǹkan yìí: àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun ni wọ́n ń pèsè rẹ̀ láti fi pa kòkòrò tó bá wọlé. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mọ̀ jù ni Avenova, tí ilé iṣẹ́ NovaBay ní California gbé jáde. Ìwọ̀n hypochlorous acid inú rẹ̀ kò ju 0.01 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2017 fi hàn pé ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n lò ó sí awọ etí ojú, èyí tó lé ní ìpín 99 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn Staphylococcus ibẹ̀ ti lọ. Ẹ fiyè sí ohun tí ìwádìí yẹn sọ àti ibi tó dúró. Ó sọ pé kòkòrò dín. Kò sọ pé ọ̀rá tó dì yọ́. Ooru ló ń yọ́ ọ̀rá.

Bí ẹ ó ṣe lò ó rèé. Bí ẹ bá fi tìróò tàbí àtíkè sójú, tàbí tí ẹ lẹ irun ojú àtọwọ́dá, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá ń lo gíláàsì tó ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, ẹ yọ òun náà. Ẹ fín oògùn náà lẹ́ẹ̀mejì sórí òwú pẹlẹbẹ tó mọ́. Ẹ dijú, kí ẹ nù ún lójú ìlà irun, láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ sí ẹ̀gbẹ́ etí, òkè àti ìsàlẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ ju òwú yẹn nù, ẹ mú òmíràn fún ojú kejì, kí èyí tó wà ní ọ̀kan má baà kó ran èkejì. Ẹ kò ní fi omi ṣan án. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ìgò mìíràn wà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé a lè fín in tààrà sórí ìpéǹpéjú tí a dì. Ohun tí wọ́n bá kọ sára ìgò yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Òwúrọ̀ àti alẹ́ ni, bí àìsàn bá ṣì le. Bí ó bá ti rọlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ tó.

Ìmọ́lẹ̀ àti ooru máa ń ba hypochlorous acid jẹ́. Torí náà ẹ má ṣe dà á sínú ìgò mìíràn tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, ẹ má fi sí ojú fèrèsé, ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Nàìjíríà, kí ẹ tó sanwó. Ẹ má yá ara yín lò.

Mo ní ìkìlọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbé sọ́kàn ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Orúkọ oògùn yìí jọ orúkọ blíìṣì tí gbogbo wa fi ń fọ aṣọ funfun, èyí tí wọ́n ń pè ní hípò. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Blíìṣì inú ilé sábà máa ń ní ìpín 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún sodium hypochlorite, ó sì jẹ́ irú ohun tó máa ń jẹ awọ ẹyinjú wọnú lọ, tí yóò ṣì máa jó o lẹ́yìn tí èèyàn rò pé ó ti tán. Kò sí omi tí ẹ lè fi là á nílé tí yóò fi di oògùn ojú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ má gbà. Bí blíìṣì bá ṣèèṣì ta sí ẹnì kan lójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án lójú ẹsẹ̀ fún ó kéré tán ìdajì wákàtí, ẹ la ìpéǹpéjú rẹ̀ kí omi lè wọlé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹni tí kò bá rí oògùn fífín rà ńkọ́? Kó má ba ọkàn jẹ́. Ooru àti ìfọwọ́tẹ̀ ni òpó ìtọ́jú yìí, omi àti aṣọ ló sì gbà. Kó fi omi tó ti hó tó sì ti tutù rin òwú, kó fi nu ìdí irun bí mo ti júwe. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń ní kí á fi omi la ọṣẹ ìfọrí ọmọ ọwọ́ fún iṣẹ́ yìí, ó sì ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Auckland, ní New Zealand, fi wé ohun ìnu-ìpéǹpéjú tí wọ́n dìídì ṣe, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2018, èyí tí wọ́n dìídì ṣe ló dára jù. Ọṣẹ náà tiẹ̀ dín ohun tó ń yọ̀ kù, ohun tó ń mú kí omi lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Lójú tèmi, omi lásán sàn fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀.

Nípa tìróò, n kò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa fi tọ́ wa, pé ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin olóṣù mẹ́fà kan, ọmọ àwọn tó ti Nàìjíríà lọ. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, tìróò tí wọ́n fi ń lé e lójú ni; wọ́n yẹ tìróò náà wò, ó lé ní ìpín 82 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ òjé. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Lójú àgbàlagbà tó ní blẹfaráítìsì, ìyẹ̀fun náà tún ń dí ẹnu àpò ọ̀rá tí à ń forí ṣe fọrùn ṣe láti là.

Bákan náà ni ìtọ̀, omi ṣúgà, kẹrosíìnì àti wàrà ọmú tí wọ́n ń kán sójú. Kí ẹ má fi èyíkéyìí síbẹ̀. Èyí tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni oògùn ìkán sójú tí wọ́n po sítẹ́rọ́ìdì mọ́, tí èèyàn lè rà láìsí ìwé dókítà. Ojú á mọ́ ní ọjọ́ kejì, inú á dùn, á tún rà á, á tún rà á. Bí ó bá pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ìfúnpá inú ẹyinjú lè ga, gíláúkómà á sì wọlé láìro ni lára. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 rí i pé nínú àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè, ìpín 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti fọ́jú, gíláúkómà ló sì ṣe ìkejì sí katarátì nínú ohun tó fọ́ wọn lójú. Ojú tí gíláúkómà bá fọ́ kì í là mọ́.

Ó ku ohun tó yí wa ká. Ẹni tó ń yan gàrí, kó mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá kó má jókòó síbi tí èéfín ń kọjú sí. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà eléruku, kó wọ gíláàsì tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹ má dojú kọ fáànù sùn. Bí a bá ń wo fóònù, a kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ṣíṣẹ́jú ló ń tu ọ̀rá jáde. Ẹ gbójú sókè láti ìgbà dé ìgbà, kí ẹ dijú pa, kí ẹ sì tún un là. Àwọn oògùn kan, irú Piriton tí a ń lò fún ara yíyún, máa ń mú ojú gbẹ. Oògùn omijé àtọwọ́dá dára láti fi kún ìtọ́jú yìí. Ẹni tó bá ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kó bèèrè èyí tí kò ní èròjà ìpamọ́.

Ìyípadà kì í yá. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lè kọjá kí ìtura tó hàn, àìsàn náà sì máa ń padà wá bí èèyàn bá jáwọ́. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: ẹni tó ń se omi ìwẹ̀ láàárọ̀, kó bu díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ojú kó tó lọ wẹ̀.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí ẹ fi ilé ṣe ibi ìtọ́jú wọn. Bí ojú bá ń dùn yín gan-an, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń pa á, bí ìríran bá dín, bí ohun funfun bá yọ lórí dúdú ojú, ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni, ní pàtàkì lára àgbàlagbà, tí kókó kan wà ní ìpéǹpéjú tí kò lọ tàbí tó ń lọ tó ń bọ̀, tí irun ibẹ̀ sì ń re, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí jẹjẹrẹ lè fara pamọ́ bẹ́ẹ̀. Láti Ilemona, ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ọ̀fà. Bí ó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ ìwé fún yín lọ sí ẹ̀ka ojú ní ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin, UITH. Níbẹ̀, wọ́n lè fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan há ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láti wo bí omi ṣe ń jáde tó, tàbí kí wọ́n fi àwọ̀ kan sí i láti ka ìṣẹ́jú àáyá tí omi fi ń dúró kó tó já. Kò dunni. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ti lò lọ́wọ́, tìgòtìgò, èyí tí ẹ rà àti èyí tí aládùúgbò fún yín, kí dókítà lè fúnra rẹ̀ ka ohun tó wà nínú wọn.